Ọkọ̀ Òfurufú Tó Gbéra Nínú Pálọ̀ Àlàájì

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun Ọba, tó dá òtútù tó sì dá ẹ̀wù òtútù, tó mú mi la òkun kọjá tí ẹsẹ̀ mi kò kan omi. Mo dúpẹ́ pé mo jí lónìí, mo dúpẹ́ pé ìyá mi jí ní Òṣogbo, mo sì dúpẹ́ pé nínú gbogbo ilé tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù, ilé Àlàájì ni Ó mú mi wọ̀. Àfáà tó kọ́ mi ní kéwú máa ń sọ pé ọ̀rọ̀ tí a kò fi ọpẹ́ ṣíde, ẹsẹ̀ kan ló fi ń rìn. Nítorí náà, alihamudu lilahi. Ẹ wá gbọ́.

Ohun tó kọ́kọ́ dẹ́rù bà mí ní Peckham kì í ṣe òtútù. Wọ́n ti sọ ti òtútù fún mi nílé títí etí mi fi kún. Ìkíni ni. Láàárọ̀ ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ dá jáde, mo wọ bọ́ọ̀sì, mo dúró lẹ́nu ọ̀nà, mo sì kí gbogbo èrò inú rẹ̀ bí ọmọ tí wọ́n tọ́ dáadáa: "Good morning, everybody!" Inú ọkọ̀ pa lọ́lọ́. Obìnrin kan fa báàgì rẹ̀ mọ́ra. Ọkùnrin kan ṣoṣo ló dáhùn láti ẹ̀yìn, àṣé ọmọ Ìjẹ̀bú ni.

"Àbúrò, kú àárọ̀ o," ó ní. "Wá jókòó. Wọ́n rò pé o fẹ́ wàásù ni."

Mo sọ̀kalẹ̀ ní Rye Lane. Mo rí iṣu, mo rí ẹja gbígbẹ, mo gbọ́ tí obìnrin méjì ń fi Yorùbá jà lórí ibi tí wọ́n máa gbé mọ́tò sí. Ara mi yá gágá, díẹ̀ ló kù kí n bá wọn dá sí i. Lẹ́yìn náà ni mo rántí pé kò sẹ́ni tó mọ̀ mí níbẹ̀. Ó dà bí ẹni tó lá àlá pé òun wà nílé, tí gbogbo ará ilé ń kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ láìwo ojú rẹ̀. Mo rò ó lọ́jọ́ yẹn, mo ṣì ń rò ó: kì í ṣe iṣu ló ń sọ ibì kan di ilé. Ẹni tó máa bi ọ́ pé kí ló dé tí o fi pẹ́ bẹ́ẹ̀ ni.

Iṣẹ́ mi wà ní ilé ìwòsàn kan lọ́nà Camberwell. Mo ń wẹ aláìsàn, mo ń tẹ́ bẹ́ẹ̀dì, mo ń fún ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n lóúnjẹ. Iṣẹ́ tó ní láádá ni, bí ẹsẹ̀ tilẹ̀ ń dùn mí. Bí mo bá ti parí shift, màá pe ìyá mi.

"Ṣé o ti jẹun?"

"Mo ti jẹun, Màámi."

"Kí lo jẹ?"

"Ìrẹsì àti ẹ̀wà, mà."

"Ta ló sè é?"

"Àlàájì ni."

"Kí lo wí? Àgbàlagbà ló ń dáná fún ọ? Ṣé bí mo ṣe kọ́ ọ nìyẹn? Gbé fóònù fún wọn kí n bẹ̀ wọ́n!"

Àlàájì yìí ló fún mi ní yàrá tí mò ń gbé. Àwọn ará mọ́sáláṣí ló mú mi dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Bàbá tó ti lé ní ọgọ́rin ọdún ni, ọmọ Ìsẹ́yìn. Ọ̀dọ́kùnrin ni nígbà tó wá kàwé, ó di akọ̀wé ní ọ́fíìsì rélùwéè, ó fẹ́yàwó, ó bímọ, ó fẹ̀yìn tì. Ìyàwó rẹ̀ ti ṣíwájú, ó wá ku òun àti pálọ̀ rẹ̀. Ẹ ò bá rí pálọ̀ yẹn! Àwọn àga ńlá tó rà kí wọ́n tó bí mi ṣì wà nínú ọ̀rá tí wọ́n fi gbé wọn wá láti ṣọ́ọ̀bù. Rìmóòtù wà nínú ọ̀rá. Àtùpà orí tábìlì wà nínú ọ̀rá. Ó ní ọjọ́ tí èèyàn bá bọ́ ọ̀rá lára nǹkan ló di àlòkù. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ìyá mi ń ṣe ní Òṣogbo. Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ jókòó, tí àga dún wọ́rọ́wọ́rọ́ lábẹ́ mi, ọkàn mi balẹ̀.

Aláwàdà ni. Dókítà ló ń pè mí.

"Dókítà, èèyàn mélòó lo wò sàn lónìí?"

"Àlàájì, bẹ́ẹ̀dì ni mo tẹ́ o."

"Ẹni tó bá tẹ́ bẹ́ẹ̀dì ló kọ́kọ́ wo aláìsàn. Jókòó kí o jẹun."

Àfi ìgbà tí dókítà gidi wá sọ fún un pé àyà rẹ̀ kò ní lè gba ìrìn-àjò òfurufú mọ́. Ó sì ti ń múra ilé lọ́dún yẹn. Ó fẹ́ lọ rí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, ẹnì kan ṣoṣo tó kù nínú ọmọ ìyá rẹ̀. Láti ọjọ́ náà ni àwàdà ti tán lẹ́nu Àlàájì. Kò pè mí ní Dókítà mọ́. Yóò jókòó láti ìrun Àìlà títí di Alaasari, ọ̀rá kò tilẹ̀ ní dún lábẹ́ rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló la ẹnu sọ ọ́ fún mi.

"Mo kàn fẹ́ fojú kan Ìsẹ́yìn lẹ́ẹ̀kan sí i ni. Kó tilẹ̀ jẹ́ láti òkè."

Ọ̀rọ̀ yẹn kò kúrò létí mi. Bí Ọlọ́hun ṣe ń ṣe nǹkan Rẹ̀, ní àkókò ìsinmi níbi iṣẹ́, mo rí ẹlẹgbẹ́ mi kan tó ń wo fídíò lórí fóònù. Gẹ́ẹ̀mù ni. Èèyàn á jókòó sílé, á di ọ̀pá ìdarí mú, á máa wa ọkọ̀ òfurufú lọ síbi tó bá wù ú, nítorí pé wọ́n ti ya àwòrán gbogbo ayé láti òkè sínú rẹ̀. Mo bi í bóyá Ìsẹ́yìn wà níbẹ̀. Ó ní kí n pe lẹ́tà rẹ̀ fún òun. Ó wá a. Ìsẹ́yìn jáde! Mo pariwo tó bẹ́ẹ̀ tí nọ́ọ̀sì fi sáré wọlé.

Mo sọ ọ́ fún Àlàájì nídìí oúnjẹ alẹ́.

"Gẹ́ẹ̀mù?" ó ní. "Èmi tí mo ti lọ sí Mẹ́kà?"

"Ẹ̀yin náà ni, sà. Ẹ̀yin lẹ máa wa bàálù náà."

Ó gé ẹran, ó jẹ ẹ́ tán.

"Ta ni yóò jẹ́ èrò ọkọ̀?"

"Èmi ni, sà."

"O ò gbọdọ̀ máa bi mí léèrè lójú ọ̀nà o," ó ní. Ìgbà àkọ́kọ́ tí n óò rí ẹ̀rín rẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́ nìyẹn.

Ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, Aunty Rìsí, kò rẹ́rìn-ín ní tirẹ̀. Lọ́ńdọ̀nù níbí ni wọ́n bí i sí, council ló ń bá ṣiṣẹ́, East Dulwich ló ń gbé. Ó pè mí lórí fóònù.

"My brother, Daddy ti lé ní eighty. Ẹ wá fẹ́ kí wọ́n máa play game? Wọ́n ti sad already. Tí nǹkan yìí ò bá work, tí inú wọn tún wá bàjẹ́ sí i, èmi fúnra mi ni màá gbé e lọ sí dustbin. I'm not joking o."

"Ẹ má bínú, Aunty. Ó máa ṣiṣẹ́, lágbára Ọlọ́hun."

Ẹnu lásán ni mo fi sọ ọ́, torí n kò tíì fọwọ́ kan inú kọ̀ǹpútà rí láyé mi.

Gẹ́ẹ̀mù náà kò gba kọ̀ǹpútà yẹpẹrẹ. Èyí tí wọ́n ti tò tán ní ṣọ́ọ̀bù sì ga ju ọwọ́ wa lọ. Ṣùgbọ́n mo wo fídíò títí, mo sì rí i pé bí èèyàn bá ra ẹ̀yà ara rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, tó fi sùúrù ṣà á, tó tò ó fúnra rẹ̀ nílé, owó kékeré lè mú ẹ̀rọ gidi jáde. Bí ọbẹ̀ ló rí: ẹni tó ń sè é nílé ló mọ ibi tí owó yẹ kó lọ. Nínú kọ̀ǹpútà gẹ́ẹ̀mù, graphics card ni ẹran, òun ló ń ya àwòrán sójú gíláàsì tí à ń wò. Ibẹ̀ ni kí o náwó sí. Àpótí tí gbogbo rẹ̀ wà nínú rẹ̀, ìkòkò lásán ni. Ìkòkò ò ní kó dán kí ọbẹ̀ tó dùn.

Ìkòkò wa, ọ̀fẹ́ ni. Àwọn ará East Dulwich máa ń gbé nǹkan tó dáa sẹ́nu géètì, kí ẹni tó bá wù máa gbé e lọ. Nígbà tí mo kọ́kọ́ rí i, mo rò pé àwọn olè ló gbàgbé ẹrù. Bí mo ṣe ń bọ̀ láti Lordship Lane ni mo rí àpótí kọ̀ǹpútà dúdú kan tó ṣófo, tí kò ní ìbàjẹ́ kankan. Mo kan ilẹ̀kùn kí n lè tọrọ rẹ̀ dáadáa. Onílé kò mọ ohun tí mò ń dúpẹ́ fún. Mo gbé e mọ́yà, mo wọ bọ́ọ̀sì. Ìyá àgbà kan tó wé gèlè wò mí láti òkè délẹ̀.

"Ọmọ mi, ṣé ibẹ̀ lò ń tọ́jú adìyẹ sí?"

Ti graphics card ló le. A rí ọkùnrin kan nítòsí àdúgbò tí wọ́n ń pè ní Elephant, tó ń ta àlòkù nínú ilé rẹ̀. Àlàájì ní òun máa bá mi lọ, torí èmi kò mọ ọjà ná. Ó wọ fìlà, ó mú ọ̀pá. Ọkùnrin náà fi bó ṣe ń ṣiṣẹ́ hàn wá, ó sọ iye rẹ̀. Àlàájì pín in sí méjì. Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín, ó ní rárá. Àlàájì fà mí lápá.

"Ó yá, jẹ́ ká máa lọ. Má wẹ̀yìn. Yóò pè wá."

A jáde. A rọra ń rìn bí ẹni tí iná ọjà kò jó. A dé ìkángun òpópónà.

"Ṣé ó ti pè wá?"

"Kò tíì pè wá, sà."

"Rọra rìn."

A tún rìn díẹ̀. Ọkùnrin náà ti tilẹ̀kùn rẹ̀.

"Ní Rye Lane, ìsinsìnyí ni wọn ì bá máa sáré tẹ̀lé wa," Àlàájì ní, ó dúró, ó fara ti ọ̀pá rẹ̀. "Kí ló ń ṣe ẹni yìí?"

A padà lọ kan ilẹ̀kùn. Nígbà tí ọkùnrin náà rí wa, ó béèrè bóyá a gbàgbé nǹkan ni. Àlàájì fi gbogbo ẹnu ṣàlàyé fún un pé ọkùnrin náà fúnra rẹ̀ ló gbàgbé: bí oníbàárà bá ti ń lọ, ọlọ́jà ni í pè é padà. Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó dín díẹ̀ kúrò nínú owó, ó sì fi fáànù kan kún un ní èènì. Láti ibẹ̀ lọ títí a fi délé, Àlàájì ń fi ọ̀pá lu ilẹ̀ bí ọba tó ṣẹ́gun.

Ọjọ́ Sátidé ni a tò ó, lórí tábìlì ìjẹun, tí oòrùn ń wọlé láti fèrèsé. Gbogbo ẹ̀yà tí mo bá mú, Àlàájì á ní, "Bisimilahi." Mo tẹ́ motherboard sílẹ̀, pátákó ńlá tí gbogbo nǹkan yòókù ń jókòó lé. Mo rọra gbé ọpọlọ kọ̀ǹpútà sí àyè rẹ̀, n kò fi agbára tì í. Mo fi ìpara tútù tó tó hóró ẹ̀wà kan sí orí rẹ̀, bí fídíò ṣe wí, kí ooru lè máa gba ibẹ̀ kọjá lọ sára irin tó ń tù ú lára. Mo wá gbé irin náà. Tuntun ni, òun nìkan ni a rà ní tuntun pátápátá. Ọ̀rá tẹ́ẹ́rẹ́ kan lẹ̀ mọ́ ìsàlẹ̀ rẹ̀, ó mọ́ gaara bí omi.

"Dúró!" Àlàájì ní. "Má bọ́ ọ̀rá yẹn o. Nǹkan tuntun!"

"Háà, Àlàájì, ta ló fẹ́ bọ́ ọ?" ni mo fi dáhùn. Kò tilẹ̀ wá sí mi lọ́kàn. Ta ni í bọ́ ọ̀rá lára nǹkan tuntun? Mo fi gbogbo ara dè é mọ́lẹ̀.

A tan iná sí i. Fáànù yí. Iná pupa àti àwọ̀ búlúù tàn nínú àpótí tí wọ́n jù síta yẹn bí òru ọdún Iléyá. Mo forí kanlẹ̀ lórí kápẹ́ẹ̀tì, mo fi dúpẹ́. Àlàájì ń pariwo, "Allahu Akibaru! Dókítà, o bí i láyọ̀!"

Ó ti pè mí ní Dókítà. Mo dìde nílẹ̀, mo lọ fọ abọ́ tí kò dọ̀tí ní kíṣíìnì, torí n kò fẹ́ kó rí ojú mi.

Nígbà tí gẹ́ẹ̀mù wọlé tán, a gbéra láti pápákọ̀ òfurufú Ìbàdàn. Àlàájì di ọ̀pá ìdarí mú, ó fà á, a gòkè. Páànù Ìbàdàn tẹ́ sílẹ̀ lábẹ́ wa, ó pupa lọ bíi pé kò ní tán. A tẹ̀lé títì tó lọ sí Ìsẹ́yìn. A dé Mọ́níyà. Gíláàsì ṣú dùdù. Kọ̀ǹpútà kú.

A tún un tàn. A tún gbéra. Mọ́níyà, ó tún kú. A gbàdúrà, a gbéra. Mọ́níyà.

"Àwọn ọlọ́pàá ibẹ̀ ni," Àlàájì ní. "Wọ́n ń béèrè ìwé ọkọ̀."

A rẹ́rìn-ín títí. Ṣùgbọ́n nígbà tó fi ọwọ́ sílẹ̀ lórí ọ̀pá ìdarí, mo rí i tó ń wo gíláàsì dúdú náà bó ṣe máa ń wo ògiri. Ó bi mí pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ pé, "Ṣé kì í ṣe pé kò yẹ kí n dé ibẹ̀ mọ́ ni?" Mo yọ gbogbo okùn kọ̀ǹpútà náà, mo yẹ̀ wọ́n wò, mo tún wọn so. Mọ́níyà kò jẹ́ ká kọjá.

Sátidé tó tẹ̀lé e ni Aunty Rìsí wá. Ooru ń mú lọ́jọ́ náà, ooru Lọ́ńdọ̀nù tó máa ń bá gbogbo èèyàn láìmúra. Ó fẹ́ fi ojú ara rẹ̀ rí ohun tí à ń ṣe. Àlàájì gbéra fún un, ọkọ̀ gòkè, a dé Mọ́níyà, gíláàsì ṣú. Aunty Rìsí wo bàbá rẹ̀, ó wò mí. Mo ti mọ̀ pé dustbin ló kàn. Ó fẹ́ dìde, ọ̀rá àga ti lẹ̀ mọ́ ọn lẹ́yìn itan.

"Oh my days! Daddy, ẹ̀yin àti nylon yìí! Gbogbo ooru wà lára mi, kò ríbi jáde! Mo ti ń jinná!"

Ara mi ta gìrì.

"Aunty, ẹ tún un sọ."

"Mo ní mo ti ń jinná!"

Mo ti sáré dé ìdí àpótí. Mo tú irin náà, mo dojú rẹ̀ délẹ̀. Ọ̀rá tẹ́ẹ́rẹ́ yẹn ló wà níbẹ̀, ó ti rún jọ, ó jókòó sáàárín ọpọlọ àti irin bí ẹni tó tilẹ̀kùn mọ́ àlejò tó fẹ́ jáde. Ooru ń ṣe ọpọlọ kọ̀ǹpútà bó ṣe ń ṣe Aunty Rìsí. Bó bá ti gbóná kọjá ààlà, á pa iná ara rẹ̀ kó má baà jóná. Mọ́níyà kò mọwọ́mẹsẹ̀.

Mo ṣàlàyé rẹ̀. Aunty Rìsí ṣubú lé orí àga, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń fi ẹsẹ̀ lu ilẹ̀. "Only Yoruba people! Only us!" Àlàájì kò rẹ́rìn-ín. Ó ń wo ọ̀rá náà.

"Tuntun mà ni," ó ní.

"Daddy!"

Ó mí kanlẹ̀. "Bisimilahi." Òun fúnra rẹ̀ ló fi èékánná bọ́ ọ. Mo nu irin mọ́, mo fi ìpara tuntun sí i, mo dè é padà. Nígbà tí mo fi ṣe tán, Àlàájì ti wọ yàrá, ó ti wọ agbádá funfun, ó dé fìlà.

"Daddy, where are you going?"

"Ìsẹ́yìn," ó ní. Ó jókòó. "Dókítà, ìrun Alaasari ń bọ̀. Ṣé kí n gé e kúrú, níwọ̀n ìgbà tí mo jẹ́ arìnrìn-àjò?"

"Àlàájì, pálọ̀ lẹ wà o."

"Mo kàn bi ọ́ ni."

Ó ka àdúrà ìrìn-àjò, a gbéra. Ìbàdàn kọjá. A dé Mọ́níyà, kò sẹ́ni tó mí nínú wa. Mọ́níyà kọjá! Aunty Rìsí hó yèè, ó di mọ́ mi. Igbó, oko, odò. Lápá òsì ni òkúta ńlá kan ti yọrí láàárín igbó.

"Òkè Adó nìyẹn!" Àlàájì ké. "Ẹ wò ó! A ti dé!"

Páànù bẹ̀rẹ̀ sí í fara hàn. Gẹ́ẹ̀mù kò mọ gbogbo ilé ibẹ̀, ó fi ìméfò kọ́ òmíràn. "Ta ló kọ́ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì gàgàrà sẹ́yìn ilé wa?" Àlàájì ń bínú, ó ń rẹ́rìn-ín. Ó ní kí Aunty Rìsí pe Ìsẹ́yìn lórí fóònù, kó gbé ohùn rẹ̀ síta kí gbogbo wa lè gbọ́. Ohùn àgbà obìnrin kan wọlé.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jáde síta!"

"Kí ló dé? Ṣé ilé ń jó ni?"

"Èmi ni mò ń kọjá lókè ilé!"

"Jímọ̀," ó pe Àlàájì lórúkọ rẹ̀ gan-an, "wọ́n ní o ò lè wọ bàálù mọ́."

"Èmi ni mò ń wà á!"

"Láà ìláhà!" A gbọ́ tí bàtà ń wọ́lẹ̀, a gbọ́ adìyẹ. "Mo ti jáde. N ò rí ọ."

"Ẹ kọjú sí ọ̀nà mọ́sáláṣí. Ẹ wòkè."

A gbọ́ wúyẹ́wúyẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá náà. Ó dà bíi pé ẹnì kan ti ṣàlàyé fún un létí pé gẹ́ẹ̀mù ni. Ohùn rẹ̀ rọ̀.

"Oòrùn ń wọ̀ mí lójú, ṣùgbọ́n mò ń juwọ́. Jímọ̀, mò ń juwọ́ sí ọ."

Àlàájì fi ọ̀pá ìdarí sílẹ̀. Ó na ọwọ́ méjèèjì sókè, ó ń juwọ́ sí gíláàsì, omi ń ṣàn lójú rẹ̀. Ọkọ̀ dorí kodò, ó kọjú sí páànù ìlú.

"Daddy! Ẹ dì í mú! Ẹ dì í mú!" Aunty Rìsí ló fò dìde, tó gbá ọ̀pá mú, tó fà á. A fẹ́rẹ̀ẹ́ gbá orí mọ́sáláṣí, a yẹ̀ ẹ́, a tún gòkè, gbogbo wa ń pariwo Ọlọ́hun. Ìlú ti bọ́ sẹ́yìn wa.

"Ó ti kọjá ni?" ìyá náà béèrè.

Àlàájì fi apá agbádá nu ojú. Ó gba ọ̀pá lọ́wọ́ ọmọ rẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má tíì wọlé o," ó ní. "Mò ń yípo. Mò ń padà bọ̀."

Ìwọ tó ka èyí, níbikíbi tí o bá wà, kí Ọlọ́hun má jẹ́ kí o wá ẹni tó máa bi ọ́ pé kí ló dé tí o fi pẹ́, kí o má rí i. Ibi tí ẹsẹ̀ rẹ kò bá lè dé, kí Ó fi ọ̀nà mìíràn mú ojú rẹ débẹ̀. Kí o bá ẹni tí o fi sílẹ̀ níta, kó máa juwọ́. Àmín.